Àbúrò Alákẹtẹ̀ Ń Bọ̀ Wá Mú Un Lọ Sóko

Admin, ẹ bá mi bo orúkọ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó kọ èyí, torí àwọn tó wà nílé tí mò ń gbé máa ń ka ojú ewé yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kà á, ẹ ṣàánú mi, ẹ kà á parí kẹ́ ẹ tó bú mi. Mi ò lè sùn mọ́... mi ò lè jẹun nínú ilé tí mò ń gbé mọ́. Infirmière ni mí, ìyẹn nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí láyé mi ni mò ń ṣe yìí, mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ rárá, ọkùnrin kan sì wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú tó jẹ́ pé tí wọ́n bá mú un kúrò lọ́wọ́ mi lọ́la, ọkàn mi ń sọ fún mi pé kò ní pẹ́ tá a máa gbọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mú un lọ, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mò ń sùn. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì ti gbà láti tẹ̀ lé e. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ apá Ṣábẹ̀ ni mí. Nígbà tí mo gba diplôme mi, ohun tí mo ń lá lálàá ni ọsibítù ńlá kan ní Parakou, aṣọ funfun, abẹ́ fáànù... iṣẹ́ tí mo wá rí ni ti ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń wá infirmière tó máa máa tọ́jú àwọn tí kò nílé ní Tchaourou. Àwọn tó ń sùn sí la gare àtijọ́ níbi tí ọkọ̀ ojú irin ò ti dé mọ́, àwọn tó ń sùn sábẹ́ àtíbàbà ọjà, àwọn tó ń sùn síbi tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń dúró sí lẹ́bàá títì. Màmá mi sunkún. Ó ní ṣé torí kí n lè máa fọ egbò àwọn wèrè lòun ṣe rán mi níwèé. Mo ní kì í ṣe gbogbo wọn ni wèrè. Franchement, nígbà tí mo sọ ọ́ yẹn, èmi náà ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà le. Màá gbé korobá omi, màá gbé ọṣẹ, màá gbé àpò oògùn mi kọ́ èjìká, tí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè wọ́n á dìde, wọ́n á kó àkísà wọn, wọ́n á lọ. Bàbá Fúlàní kan bú mi ní èdè wọn, mi ò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, àmọ́ ohùn tó fi sọ ọ́ tó mi. Obìnrin kan tó ń sùn lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà ní eéwo lábíyá, ó wú tó ọsàn, ọjọ́ tí mo fi ń kí i tí kì í dáhùn kì í ṣe díẹ̀, àfi ọjọ́ kan tí mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó wò mí, tó wò mí, tó wá gbé apá sókè. Mo tọ́jú ẹ̀ tán mo lọ sẹ́yìn ògiri lọ sunkún. Wọn ò kọ́ wa nílé ìwé pé ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kankan ò ti fọwọ́ kan èèyàn, tó fi jẹ́ pé tó o bá fọwọ́ kàn án, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Látọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mo fẹ́ sá fún un ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ọkùnrin tí mò ń sọ, Alákẹtẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí akẹtẹ̀ koríko kan tó máa ń dé bo ojú láàárọ̀ lọ́sàn-án. Abẹ́ pèpéle la gare ló ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù láyé ọjọ́un. Egbò wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé ìka, ó ń rùn, eṣinṣin ò kúrò lórí ẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Kì í sì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń tajà nítòsí sọ fún mi pé nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn kan fún un ní oúnjẹ tí wọ́n po iyẹ̀pẹ̀ mọ́, wọ́n wá dúró ń fi í rẹ́rìn-ín. Látìgbà yẹn, máńgòrò tó bá já fúnra rẹ̀ ló ń jẹ, àti èso kajú tí àwọn èèyàn bá ti yọ kóró rẹ̀ tán tí wọ́n dà nù. Egbò ẹni tí kò jẹun ò lè jiná, mo mọ ìyẹn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ògì àti àkàrà láràárọ̀, màá jókòó tì í, màá pín in sí méjì, màá jẹ tèmi níṣojú rẹ̀, màá gbé tiẹ̀ sílẹ̀, màá lọ. Tí mo bá padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú èèrà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, kí n tó jẹ tèmi tán, ó na ọwọ́, ó mú àkàrà kan, ó jẹ ẹ́. Inú mi dùn bíi pé wọ́n fún mi ní diplôme mìíràn. Ọjọ́ yẹn náà ló jẹ́ kí n fọ ẹsẹ̀ yẹn, kí n ṣe pansement sí i, kí n fi báńdéèjì wé e.

Bon, ilé tí mò ń gbé ńkọ́... Màjọ̀, ìyẹn ọ̀gá àwọn infirmier ní ilé ìwòsàn tá à ń lò, ló bá mi wá yàrá lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Màá pe ìyàwó ilé náà ní Tata Awáwù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Tonton ni gbogbo wa ń pè é. Mùsùlùmí ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni mí, ìyẹn ò fa nǹkan kan rí. Tata fẹ́ràn mi bí ọmọ tó bí. Tí mo bá ti iṣẹ́ dé, omi ìwẹ̀ mi á ti gbóná, ó mọ̀ pé òórùn ọ̀hún máa ń lẹ̀ mọ́ mi lára. Ó ní ọmọ kan, oyún sì wà níkùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi níjọ́ kan tá a jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní Tonton kọ́ lòun kọ́kọ́ fẹ́, ẹ̀gbọ́n Tonton ni. Ẹ̀gbọ́n yẹn lọ ṣe iṣẹ́ kòkó ní Côte d'Ivoire, ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá, nígbà tó yá kò wá mọ́, lẹ́yìn náà Tonton wá gbé ìròyìn dé pé ẹnì kan tó ti ọ̀hún bọ̀ sọ fún òun pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú, wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀. Wọ́n ṣe fìdáù. Tata ṣe opó títí ó fi pé, ni wọ́n bá ṣú u lópó fún Tonton. Ó nu ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó ní Ọlọ́run ò fi òun sílẹ̀, àbúrò náà ṣèèyàn.

Ó ṣèèyàn lóòótọ́. Mi ò gbọ́ kí Tonton pariwo rí. Ohùn rẹ̀ kì í kọjá ibi tí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà. Oko kajú bàbá wọn tó wà lápá Alafiarou ló ń mójú tó, ó tún ń gbin òwú. Bí moto mi, ìyẹn alùpùpù, bá bàjẹ́, òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Alákẹtẹ̀ jẹ àkàrà mi, mo dé ilé pẹ̀lú ayọ̀, a jókòó ti iyán, mo wá ń ròyìn. Mo sọ pé ọkùnrin kan wà ní la gare tí kì í jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé lọ́wọ́ mi nìkan ló ti jẹ ẹ́. Tata ní Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ mi. Tonton kàn fi òkèlè tó ti bù padà sínú àwo, ó ṣan ọwọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ egbò ni mo fi bà á nínú jẹ́, mo tọrọ gáfárà. Ó ní kò sí wàhálà. Àmọ́ látọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè. Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀? Ṣé ó ti sọ orúkọ rẹ̀? Egbò yẹn, ṣé irú rẹ̀ kì í pa èèyàn? Mo rò pé àánú ló ń ṣe é. Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ máa ṣe sàráà fún un. Tata á se oúnjẹ, Tonton á bù ú sínú abọ́ onídérí, á wé e, á gbé e fún mi láàárọ̀. Ó ní kí n má sọ ibi tó ti wá, pé sàráà tí wọ́n bá kéde kì í lérè. Ó wá sọ pé, «Ọwọ́ rẹ dára, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ ló ń jẹ́ kó jẹun.» Orí mi wú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n dín sínú ọbẹ̀ ata ni, pẹ̀lú iyán. Alákẹtẹ̀ ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọbẹ̀ náà lá. Ó wá dé akẹtẹ̀ bojú pátápátá, ó sì ń jẹ ẹ́ lábẹ́ akẹtẹ̀ yẹn, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ń sunkún, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí mi. Ó bi mí pé ta ló sè é. Ṣábẹ̀ ló fi sọ ọ́, bí bàbá àgbà mi ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo ní sàráà ni, wọ́n ní kí n má sọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ sígbà yẹn, moto mi bàjẹ́, Tonton gbé mi dé la gare láàárọ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn dúró lórí moto, ó wo abẹ́ pèpéle yẹn, ó wò ó títí, ó yí padà, ó lọ. Mo dé ọ̀dọ̀ Alákẹtẹ̀, mo rí i pé ó ti sún mọ́ ògiri bí ẹran tí wọ́n lé. Mo kó omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú báńdéèjì. Ó ní, «Ilé ẹ̀ lò ń gbé?» Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, «Àbúrò mi nìyẹn.»

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi báńdéèjì sílẹ̀, mo jókòó níwájú rẹ̀...

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, orí rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Ó ní àìsàn kan ló kọ lu òun níbi iṣẹ́ kòkó, orí òun dà rú fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó ń ṣàánú òun ò mọ ibi tí òun ti wá. Nígbà tí iyè òun padà, òun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù gbé òun níbì kan, òun fẹsẹ̀ rìn níbòmíràn, ẹsẹ̀ yẹn ni ọgbẹ́ ti mú lọ́nà. Kò wọ ìlú. Ó gba oko wọn wọlé torí ojú ń tì í láti wọ ìgboro pẹ̀lú àkísà. Àbúrò rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó ní àbúrò òun ò kí òun, kò dì mọ́ òun. Ó kàn sọ pé, «A ti ṣe fìdáù rẹ. Ìyàwó rẹ ti bímọ fún mi. Òkú kì í padà wálé. Máa lọ.» Ó sì lọ. Kò mọ ibòmíràn tó lè lọ, ló ṣe jókòó sí la gare. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ bá Tata. Ó ní, «Ó ti sunkún mi tán. Mi ò fẹ́ kó tún un sun.» Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n ṣèlérí pé Tata ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé. Mo ṣèlérí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ ìlera mọ̀ pé kódà ká má tíì ṣèlérí, ohun tí aláìsàn bá sọ fún wa, secret professionnel ni, àṣírí iṣẹ́ tá ò gbọ́dọ̀ tú. Ẹnu mi ti wà ní dídì látọjọ́ yẹn. Mo ń jókòó ti Tata, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀ kí n gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ta... èmi sì mọ̀.

Oúnjẹ ò dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láràárọ̀ ni Tonton ń wé e fún mi. Ni Alákẹtẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ó ń bì, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, òógùn ń bò ó nígbà tí ojú ọjọ́ tutù, iṣan itan rẹ̀ ń fò. Mo rò pé egbò yẹn ni, mo fún un ní oògùn. Ara rẹ̀ á le díẹ̀, á tún wó. Mo wá kíyè sí i pé ọjọ́ tí abọ́ Tonton ò bá bá mi lọ, ara rẹ̀ máa ń le. Mo lé èrò yẹn kúrò lọ́kàn. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹni tó fún mi nílé ni mò ń rò sí. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí abọ́ náà lójú ọ̀nà nítorí ọbẹ̀ tó ń jò sínú àpò mi, òórùn kan sì bọ́ sí mi nímú láàárín ata àti àlùbọ́sà. Mo mọ òórùn yẹn. Oògùn tí wọ́n ń fín sí òwú ni. Bàbá mi máa ń fín irú rẹ̀ sí ẹ̀wà, gbogbo ilé wa ló máa ń rùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, màmá mi ò ní jẹ́ ká sún mọ́ aṣọ tó wọ̀ lọ sóko. Mo dúró lẹ́bàá títì, ọkọ̀ ń kọjá lára mi.

Mi ò lè dà á síbi tí ewúrẹ́ ti lè jẹ ẹ́. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ojú irin, mo rì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ewé tí wọ́n fi wé e. Mo lọ bá Alákẹtẹ̀, mo sọ fún un pé nǹkan kan wà nínú oúnjẹ yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, «Mo ti gbóòórùn rẹ̀ ṣáájú rẹ.» Mo ní kí ló wá dé tí ẹ fi ń jẹ ẹ́, bàbá? Ó ní, «Ọwọ́ Awáwù ló sè é. Mi ò lè dá a padà.» Tata ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, mo fi ẹ̀mí mi búra. Òun ń se oúnjẹ tó mọ́, ibi tí wọ́n ti ń bù ú ló ti ń yí padà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ màá gba abọ́, màá kí Tonton pé ẹ ṣé sà, màá lọ rì í mọ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ á bi mí bóyá ó jẹ ẹ́, màá ní ó jẹ ẹ́ tán. Á wò mí. Á tún bi mí bí ara rẹ̀ ṣe rí. Kí ni kí n sọ? Tí mo bá ní ara rẹ̀ le, á mọ̀. Tí mo bá ní ara rẹ̀ ò yá, inú rẹ̀ á dùn, èmi ni mo sì fún un ní ayọ̀ yẹn. Ọkàn mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá Màjọ̀. Mi ò tú àṣírí ọkùnrin náà, mo kàn sọ pé oúnjẹ tí Tonton ń fi rán mi sí i ń rùn bí oògùn òwú. Màjọ̀ wò mí pẹ̀lú sùúrù, ó ní oúnjẹ ọ̀hún dà. Mo ní mo ti rì í mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máa ń rí oríṣiríṣi, pé Tonton ni ẹni tí àwọn jọ ń tò lẹ́sẹẹsẹ kírun ní Jímọ̀, pé tí mo bá tún gbóòórùn rẹ̀ kí n gbé e wá. Kò burú. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ló sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo dé ilé, Tonton jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè mí. Tata ti lọ kí ẹnì kan tó bímọ. Ó ní, «Wọ́n ní o sọ pé oúnjẹ ilé mi ń rùn.» Ohùn kan náà, jẹ́jẹ́. Mo ní ó ṣeé ṣe kí n má gbọ́ ọ dáadáa, tonton, ẹ má bínú. Ó ní òun ò bínú. Ó ní, «Láti òní lọ, èmi fúnra mi ni màá máa bu tìẹ.» Ó sì wọ ilé ìdáná lọ, ó bu àtàsì sínú abọ́ mi, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó gbé e wá bá mi, ó jókòó, ó ń wò mí. Mo ní inú ń run mí. Ó ní kò burú, ó dé abọ́ náà, ó gbé e síwájú yàrá mi. Látọjọ́ yẹn, búrẹ́dì tí mo bá rà níta ni mò ń jẹ. Tata rò pé mo ń gbààwẹ̀. Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò kó jáde. Kí ni kí n sọ fún Tata pé ó lé mi? Tí mo bá sì kó jáde, ta ló máa mọ ohun tó ń lọ?

Abọ́ fún Alákẹtẹ̀ dúró lóòótọ́. Mo rò pé ẹ̀rù ti bà á. Mo dúpẹ́. Ara ọkùnrin náà ń le, egbò rẹ̀ ń pupa dáadáa bí egbò tó fẹ́ jiná, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀... Àṣé ọ̀nà mìíràn ni Tonton gbà. Ó lọ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, ó bá Màjọ̀ àti ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, ó ní òun gbọ́ pé ọkùnrin kan ń jìyà ní la gare, pé òun ní ahéré nínú oko òun lápá Alafiarou, omi wà níbẹ̀, ibòòji wà níbẹ̀, òun fẹ́ mú un lọ síbẹ̀ nítorí Ọlọ́run, kí òun máa bọ́ ọ. Kò sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Gbogbo wọn dìde kí i. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé ohun tá à ń wá gan-an nìyí, pé egbò fífọ̀ nìkan kọ́ niṣẹ́ wa, pé ká rí ilé fún wọn ni, ilé sì ti dé. Ó ní a máa ya fọ́tò. Ó ní èmi ni kí n dúró láàárín.

Mo ní àfi tí ọkùnrin náà bá gbà. Ọ̀gá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ bi í. Ìyẹn ni mo fi ọkàn lé. Mo mọ̀ pé kò ní gbà. Mo lọ jókòó tì í, mo sọ ọ́ fún un. Ó bi mí pé oko wo. Mo ní tapá Alafiarou. Ó ṣí akẹtẹ̀ kúrò lórí, mi ò rí orí rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó ní òun fúnra òun ló gbin àwọn kajú ọ̀hún pẹ̀lú bàbá òun. Ó ní òun máa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dojú bolẹ̀ fún un lórí iyẹ̀pẹ̀ la gare yẹn, àwọn èèyàn ń wò mí. Mo ní bàbá, ẹ mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó gbé mi dìde. Ó ní, «Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń rìn, ilé ni mò ń wá. Oko bàbá mi nilé mi. Tó bá fẹ́ kí n sùn síbẹ̀, màá sùn síbẹ̀.» Ó tún rán mi létí ìlérí tí mo ṣe.

Ẹ ò rí bí Tata ṣe ń yọ̀... Gbogbo àdúgbò ló ti sọ ọ́ fún, pé ọkọ òun fẹ́ mú aláìní kan lọ sóko lọ tọ́jú. Ó ti fọ bùbá àti ṣòkòtò funfun Tonton kan, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká ẹní tuntun sílẹ̀. Ó fẹ́ bá wọn lọ, Tonton ní pẹ̀lú oyún yìí, ọ̀nà yẹn ò dáa. Ó wá bá mi lónìí lọ́sàn-án, ó ní kí n bá òun rántí ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ràn jù lọ, kí òun sè é fún un gbé lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Wàrà inú ọbẹ̀ ata ni, kí ata pọ̀ níbẹ̀, bó ṣe máa ń sè é fún un nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Alákẹtẹ̀ ló sọ fún mi. Mo wo ojú Tata, mo ní mi ò mọ̀.

Tí mo bá tú u fún Tata, mo ti da ìlérí aláìsàn, oyún sì wà níkùn obìnrin yẹn, ilé rẹ̀ máa tú, ọmọ rẹ̀ máa di ọmọ kí ni? Tí mo bá lọ bá ọlọ́pàá, ẹ̀rí wo ni mo ní? Mo ti fọwọ́ ara mi rì í mọ́lẹ̀. Ṣé kí n jí i gbé lọ sí Ṣábẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi? Kì í ṣe ọmọdé, orí rẹ̀ pé, ó ti ní òun máa lọ. Àbí kí n dákẹ́? Ẹni tó bá dákẹ́ ńkọ́, ṣé ọwọ́ rẹ̀ mọ́? Mi ò rí ẹni bi, àfi ẹ̀yin.

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lónìí, Tonton wá bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ tí mo sá. Ó ní wọ́n máa wá pẹ̀lú ọkọ̀ lọ́la kí oòrùn tó mú, pé kí n tètè lọ, kí n gé èékánná rẹ̀, kí n fá irun rẹ̀, kí n wẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí n wọ aṣọ funfun yẹn fún un. Bí ẹni ń múra òkú sílẹ̀ fún sísin ni, àmọ́ mo ní mo ti gbọ́, sà. Ọṣẹ wà nínú àpò mi báyìí, aṣọ náà wà lórí ibùsùn mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú mi, ẹ dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́... ṣé kí n wẹ̀ ẹ́?